Omi Tó Dì Tí Kò Di Yìnyín

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ti táàmù yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá le díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á pẹ̀lú mi. Ọ̀rọ̀ òtútù ni, nínú Maiduguri wa yìí tí oòrùn ti ń ta bí iná.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a wọlé, ara ọmọkùnrin kan nínú yàrá wa gbóná. Orí ń fọ́ ọ, ó ń bì. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Agbègbè Askira/Uba ló ti wá, ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Borno níbí. Kí èsì àyẹ̀wò tó jáde, ẹnì kan ti sọ nínú yàrá pé, "Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni Lassa wà? Ibà Lassa ló ń ṣe é." Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Wọ́n ju ife ìmumi rẹ̀ nù. Nígbà tí èsì dé, màláríà lásán ni, ó sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. "Lassa, wá." "Lassa, bá mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn." Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, mo mọ iye rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó wò mí, ó sì bi mí ní èdè Hausa pé ṣé mo tilẹ̀ mọ ohun tí Lassa jẹ́, pé báwo ló ṣe rí? N kò rí nǹkan kan sọ.

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá Àǹtí tó ń kọ́ wa ní Basic Science. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì fi àwòrán kan hàn mí. Nǹkan kékeré tó wà lára fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa ni, òun ni fáírọ́ọ̀sì náà fi ń wọ inú ara èèyàn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ó dúró bí àárò mẹ́ta tí wọ́n gbé ìkòkò lé. Mo bi wọ́n pé ta ló rí i, ẹ̀rọ wo ló sì fi wò ó. Àǹtí ní kò sí ẹni tó fi ojú rí i. Wọ́n ní àwọn onísáyẹ́ǹsì sọ ọ́ di kírísítà, wọ́n sì tan X-ray sí i. Wọ́n tún ní irú kírísítà bẹ́ẹ̀, inú òtútù tó kọjá sísọ ni wọ́n ti máa ń wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti ké pé, "Àǹtí, kò ní fọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wádìí ìdí tí kò fi fọ́, kí n sì kọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹgbẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ké. Màmá mi ń ta ẹja òkú Èkó nítòsí Mọ́ńdè Máàkẹ́ẹ̀tì. Kóòtè, títùsì, ṣáwà, gbogbo rẹ̀ ló ń dì gbagidi nínú páálí dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí iná bá lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán, ẹja á yọ́. Bí iná bá dé, á tún dì. Màmá mi kì í fẹ́ ta irú ẹja bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tí àwọn mọ̀, torí ara rẹ̀ á ti rọ̀, á máa ṣomi, bí ó bá sì dé inú ọbẹ̀ á tú ká. Tòmátì ló tiẹ̀ burú jù. Ẹ ju tòmátì tútù sí frísà lóru kan, kí ẹ mú un jáde lọ́jọ́ kejì kí ó yọ́. Àpò omi lásán lẹ máa bá lọ́wọ́.

Mo ti máa ń rò pé òtútù ló ń ba ẹja àti tòmátì jẹ́. Kì í ṣe òtútù gan-an. Yìnyín ni. Omi kì í ṣe bí àwọn nǹkan yòókù. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń sún kì nígbà tí ó bá tutù, ṣùgbọ́n omi ń fẹ̀ nígbà tí ó bá di yìnyín. Bí ẹ bá ní lítà 100 omi tí ẹ jẹ́ kó dì, yìnyín rẹ̀ á gba àyè bíi lítà 109. Ìdí nìyẹn tí ìgò mínírà tí a gbàgbé sí frísà fi máa ń bẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, yìnyín kì í dì bí ẹ̀kọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń hù jáde ní ẹlẹ́nu ṣóṣóró, bí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ló ń gún inú ẹja. Bí òtútù bá sì ṣe lọ́ra tó ni abẹ́rẹ́ náà ṣe ń tóbi tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí sọ́kàn, mo ṣì máa padà sí i.

Kí wá ni kírísítà? Ẹ wo iyọ̀ tàbí ṣúgà dáadáa lójú oòrùn. Ẹ wo kán-ún tí wọ́n ń kó wá láti ìhà Adágún Chad. Ó ní igun, ó ń dán. Àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú kò lè rí ló tò lẹ́sẹẹsẹ nínú rẹ̀, lọ sókè, lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹyin inú kéréètì, tàbí bí a ṣe máa ń tò sórí ìlà láàárọ̀ kí a tó kọrin orílẹ̀-èdè. (Àwa JSS 1 àti 2 ni mo ní lọ́kàn. Ìlà àwọn sínọ̀ kò ṣeé fi ṣe àpẹẹrẹ.)

Pùròtéènì náà lè tò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá gbọ́ pùròtéènì, ẹ̀wà àti ẹyin ló ń wá sí wa lọ́kàn, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi pùròtéènì ló wà nínú ara wa, nínú ewéko, àti lára fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ká jọ, bí ó sì ṣe ká jọ ló fi ń ṣiṣẹ́, bí eyín kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá ihò àgádágodo mu. Ẹyọ kan ṣoṣo kéré jù fún X-ray láti fi hàn. Nítorí náà wọ́n á jẹ́ kí àìmọye ẹyọ tò di kírísítà kan. Bí X-ray bá kọjá láàárín wọn, á tú ká di àwọn àmì kéékèèké bí ìràwọ̀. Láti ara àmì wọ̀nyí ni wọ́n á ti ṣírò bí ẹyọ kan ṣe rí. Bí ìlà bá gún, àmì á mọ́ kedere. Bí ìlà bá dàrú, kò sí nǹkan tí wọ́n máa rí.

Kírísítà iyọ̀ le. Ẹ lè fi òkúta lù ú. Ti pùròtéènì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdajì ara rẹ̀, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ ju ìdajì lọ, omi ni. Àwọn ẹyọ náà kò fi ara kan ara púpọ̀, omi ló wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì tutù tán. Fọwọ́ kàn án, ó tú. Jẹ́ kó gbẹ, ó tú.

Ọdún 1934 ni ọ̀gbẹ́ni J. D. Bernal àti Dorothy Crowfoot, ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ rí àmì tó dára láti ara kírísítà pùròtéènì. Pẹ́písìn ni pùròtéènì náà ń jẹ́, òun ló ń bá wa da ẹran àti ẹ̀wà nínú ikùn. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọn kò jẹ́ kí ó gbẹ. Inú omi tí kírísítà náà ti hù gan-an ni wọ́n fi sí, nínú ọ̀pá gíláàsì tóóró, wọ́n sì dí i. Arábìnrin Crowfoot yìí ló wá di Dorothy Hodgkin lẹ́yìn ìgbéyàwó, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1964. Ilẹ̀ Ghana níbí ló wà nígbà tí ìròyìn ẹ̀bùn náà kàn án, torí ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kà á.

Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn wà. X-ray tí a fi ń wo apá tó kán ní ilé ìwòsàn kéré sí èyí tí wọ́n ń lò fún kírísítà. Lóde òní, ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sínkírótírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò. Ó rí bí òrùka tó tóbi ju pápá ìṣeré wa lọ. Èyí tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Diamond, ìrìn yípo rẹ̀ ju mítà 500 lọ. Kò sí ẹyọ kan ní ilẹ̀ Áfíríkà títí di ìsinsìnyí, èyí tó wà ní Jordan ni kò jìnnà jù sí wa. Ìtànṣán ibẹ̀ lágbára débi pé ó ń jó kírísítà láti inú. Ó ń fọ́ omi àti pùròtéènì sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ yìí á sì máa rìn káàkiri láti ba èyí tó kù jẹ́. Kí wọ́n tó kó àmì tó pọ̀ tó, kírísítà ti kú. (Ọ̀rọ̀ tèmi ni "kú" o. Àǹtí ní àwọn onísáyẹ́ǹsì náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀.)

Òtútù líle ló ń dá àwọn wẹ́wẹ́ yìí dúró kí wọ́n má lè rìn. Bí wọ́n bá mú kírísítà lọ sí nǹkan bíi 173 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó lè fara da X-ray ju bó ṣe lè ṣe tẹ́lẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìdajì rẹ̀ omi ni. Omi á di yìnyín, yìnyín á fẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á gún ìlà tó gún régé yẹn. Bí ó bá gbóná, X-ray á pa á. Bí ó bá tutù, yìnyín á fọ́ ọ. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n rí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí omi ó dì, ṣùgbọ́n kí ó má di yìnyín.

Ó ṣeé ṣe! Ẹ mú ṣúgà oníhóró, kírísítà ni. Ẹ mú suwíìtì líle tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi ṣúgà yíyọ́ ṣe, kì í ṣe kírísítà. Ṣúgà yíyọ́ ni wọ́n mú tutù kí àwọn ẹyọ rẹ̀ tó ráyè tò. Níbi tí kálukú wà ló dúró sí, bí ìgbà tí a bá ń ṣe eré tí wọ́n ní "dúró!" tí gbogbo ọmọ á gan. Wọ́n le, ṣùgbọ́n wọn kò tò. Bí gíláàsì fèrèsé náà ṣe rí nìyẹn. Omi náà lè di gíláàsì, bí òtútù bá yára mú un ju bí ẹyọ rẹ̀ ṣe lè yára tò lọ. Gíláàsì kì í hu abẹ́rẹ́. Àbí ẹ rí i?

Omi lásán ń sáré tò jù. Kò sí bí a ṣe fẹ́ yára tó, á ti di yìnyín kí a tó dé ibẹ̀, àfi bí ó bá kéré jọjọ. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ fi nǹkan dí i lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n sì ń lò jù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Gílísíríìnì ni!

Gílísíríìnì tí a ń rà nínú ìgò kékeré nígbà ọyẹ́ náà ni. Ẹni tí kò tíì rí ọyẹ́ Maiduguri rí kò mọ ohun tí ètè ń rí. Kí ló dé tí a fi ń fi í para? Torí ó máa ń di omi mú, kì í jẹ́ kó tètè lọ. Bí ó bá wà nínú omi, ó ń di ẹyọ omi lọ́wọ́ mú, kò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè tò di yìnyín. Nígbà ìsinmi ráńpẹ́, mo dán an wò nínú frísà màmá mi. Ife mẹ́ta ni mo lò. Omi lásán wà nínú ọ̀kan, omi àti ṣúgà ṣíbí mẹ́fà nínú èkejì, ìdajì omi àti ìdajì gílísíríìnì nínú ẹ̀kẹta. Iná kò lọ lóru ọjọ́ náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láàárọ̀, omi lásán ti le bí òkúta, ó sì ti wú sókè láàárín. Ti ṣúgà dì, ṣùgbọ́n ṣíbí wọ inú rẹ̀. Ti gílísíríìnì kò dì rárá. Ó kàn ki sí i, ó ń ṣàn jẹ́jẹ́ bí oyin. Màmá mi bi mí léèrè ẹni tó máa sanwó ìgò gílísíríìnì wọn tó tán.

Frísà ilé kò tutù ju nǹkan bíi 18 sísàlẹ̀ òdo lọ. Ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń lò ni náítírójìn, afẹ́fẹ́ kan náà tó kó ìdá 78 nínú 100 nínú ohun tí a ń mí sínú, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú un tutù títí tó fi di olómi. Ní 196 sísàlẹ̀ òdo ló ń hó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó ń hó níbẹ̀, bí omi ṣe ń hó lórí iná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ. Òrùka kan wà tí wọ́n fi fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ṣe, ó wà lórí igi kékeré kan. Òrùka yẹn ni wọ́n fi ń bu kírísítà, pẹ̀lú ẹ̀kán omi tó yí i ká, bí àwa ṣe ń fi òrùka wáyà bu omi ọṣẹ láti fẹ́ ìfóófòó. Tsu-Yi Teng ló mú ọgbọ́n òrùka yìí jáde ní 1990. Kí wọ́n tó bù ú, wọ́n á ti gbé kírísítà náà sínú omi tó ní gílísíríìnì, bíi 20 tàbí 30 nínú 100. Nígbà mìíràn wọn kì í dédé jù ú sínú èyí tó ki yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni, 5, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 20. Torí bí wọ́n bá kánjú, gílísíríìnì tó wà níta á fa omi inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí iyọ̀ ṣe ń fa omi lára ẹja, kírísítà á sì sán. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi dáàbò bò ó gan-an lè pa á. Kì í ṣe gbogbo kírísítà ló sì fẹ́ gílísíríìnì. Àwọn kan ń fẹ́ ṣúgà, àwọn kan ń fẹ́ òróró tí wọ́n á fi bò ó kí omi ìta má bàa sí mọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó máa gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní láti dán an wò ni. Ẹni tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ fi òrùka bu omi náà nìkan, láìsí kírísítà, á rì í bọ náítírójìn, á wò ó. Bí ó bá mọ́ gaara bí gíláàsì, ó dára. Bí ó bá funfun bí wàrà, yìnyín ti débẹ̀, kí ó fi gílísíríìnì kún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í bọ inú náítírójìn, kíákíá! Kíá yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, pé òtútù tó lọ́ra ló ń hu abẹ́rẹ́ ńlá. Ẹ̀tàn kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó fura sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lórí náítírójìn olómi, afẹ́fẹ́ tútù kan máa ń rọ̀gbà yí i ká, bí ooru ṣe máa ń wà lórí ìkòkò ọbẹ̀. Bí kírísítà bá ń kọjá nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ibẹ̀ ló ti ń dì, ní ìlọ́ra, kí ó tó kan omi rárá. Matthew Warkentin, Robert Thorne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 2006 pé bí wọ́n bá fẹ́ afẹ́fẹ́ náà kúrò kí wọ́n tó rì í, òtútù á yára gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gílísíríìnì tí wọ́n nílò á sì dín kù. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò lásán! Mo rò ó pé èmi náà ìbá ti ronú kàn án, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Àwọn tó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí kò pọ̀. David Haas àti Michael Rossmann fi ṣúgà dáàbò bo kírísítà kan ní 1970, wọ́n sì wò ó ní 75 sísàlẹ̀ òdo. Ọ̀pọ̀ kò kọbi ara sí i. Ní àwọn ọdún 1980 ni Håkon Hope bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró bo kírísítà kí ó tó mú un tutù lójijì. Arábìnrin Ada Yonath láti Ísírẹ́lì bá a ṣiṣẹ́, torí kírísítà tirẹ̀, ti ráíbósóòmù, ìyẹn ibi tí ara ti ń hun pùròtéènì, ń kú lójú ẹsẹ̀ nínú X-ray. Àwọn èèyàn ti sọ fún un pé iṣẹ́ náà kò lè ṣeé ṣe. Ó gba Nobel ní 2009, òun àti àwọn ọkùnrin méjì, Venkatraman Ramakrishnan àti Thomas Steitz.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sí Lassa.

Lassa jẹ́ ìlú kan ní Askira/Uba. Ní oṣù kìíní 1969, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ibẹ̀, Laura Wine, ṣàìsàn. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, Charlotte Shaw, kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, ṣàìsàn, wọ́n gbé e dé New York, ó yè é. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí yunifásítì Yale. Ibẹ̀ ni dókítà Jordi Casals ti rí fáírọ́ọ̀sì náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì kó o. Wọ́n fa omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo tó ti yè fún un, òun náà sì yè. Orúkọ ìlú tí àìsàn náà ti kọ́kọ́ hàn ni wọ́n fún fáírọ́ọ̀sì, bó ṣe di orúkọ burúkú nìyẹn. Ìlú náà kò ṣe nǹkan kan. Eku ló ń gbé e kiri, eku kan tó wà káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, títí dé Guinea, Liberia àti Sierra Leone.

Fún ọdún mẹ́wàá ó lé ni Kathryn Hastie, nínú yàrá ìṣẹ̀wádìí Erica Ollmann Saphire ní ilé ẹ̀kọ́ Scripps ní California, fi ń wá bí yóò ṣe rí pùròtéènì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kò fẹ́ dúró. Bí wọ́n bá ti ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tú ká. Wọ́n ní láti yí i padà díẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan so ó pọ̀ láti inú. Wọ́n sì tún fi àǹtíbọ́dì mú un, ìyẹn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n rí láti ara ẹnì kan ní Sierra Leone tí ibà Lassa ti mú rí tó sì yè. Ní 2017 ni àwòrán náà jáde, òun ni Àǹtí fi hàn mí. Ó fi hàn pé ìsàlẹ̀ ni àǹtíbọ́dì yẹn ti di ẹsẹ̀ méjì mú pọ̀, tí àárò náà kò fi lè ṣí. Bí kò bá lè ṣí, fáírọ́ọ̀sì kò lè wọlé. Àwọn tó fẹ́ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wá mọ irú ìdúró tí wọ́n máa kọ́ ara láti dá mọ̀.

Mo bi Àǹtí bóyá àìsàn náà ṣì wà ní Borno. Wọ́n ní ó lè wà níbikíbi tí eku rẹ̀ bá wà, ṣùgbọ́n láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi ni wọ́n ti ń rí i jù ní Nàìjíríà. Mo dákẹ́. Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi ti wá, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ jù. Kò sí ẹni tó pè mí ní "Ọ̀wọ̀" rí nígbà tí ara mi bá gbóná.

Àǹtí ní kí n má gbàgbé láti kọ èyí: kí gààrí àti kúlíkúlí wa nínú lọ́kà wà nínú ike tó ní ìdérí tó dé dáadáa, kí á má fi í sínú ọ̀rá. Ìtọ̀ eku àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ló ń kó o ràn wá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ó má máa lo oògùn màláríà fúnra rẹ̀.

Kí n tó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ yàrá wa yẹn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa bí mo ṣe ń kà á. Mo ka ibi tí mo ti sọ pé mo pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ti bọ́ lọ́kàn mi, lọ́jọ́ tí a ń fọ aṣọ. Ó tún ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Uba ni òun ti wá, òun kò dé Lassa rí láyé òun. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá gílísíríìnì ṣì kù, torí ètè rẹ̀ ti ń là.